Olùkọ́ yógà mi ní Tantra kò kàn wá, pásítọ̀ mi ní òun ni ìyá yógà: èwo ni kí n gbàgbọ́?

Lẹ́tà yìí wọlé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Leeds. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an nítorí aláìsàn tí à ń gbé sókè-sódò. Àwọn tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní kí n dán yógà wò, mo sì ti ń lọ sí kíláàsì fún oṣù mẹ́jọ báyìí. Ẹ̀yìn náà ti sàn púpọ̀. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, olùkọ́ wa lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé àwọn kan ń bọ̀ wá ṣe ètò Tantra ọlọ́jọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ọkọ mi rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, inú bí i, ó ní ìbálòpọ̀ ni Tantra. Mo bi pásítọ̀ wa, wọ́n ní Tantra ni ìyá tó bí yógà, pé inú òkùnkùn ni ìyá àti ọmọ ti wá. Mo bi olùkọ́ mi, ó ní Tantra kò kàn wá rárá, pé eré ìdárayá lásán là ń ṣe. Mà, ta ló ń sọ òótọ́? Kí ni Tantra yìí gan-an, ibo ló sì ti wá? Ṣé kí n fi kíláàsì náà sílẹ̀ ni?"

Ọmọ mi, mo kí ọ, o kú iṣẹ́ aláìsàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀sìn ayé kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, kì í ṣe ìtàn nìkan lò ń béèrè. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o ti wọ awo kan láìmọ̀, pé ìlera tí ò ń rí yìí, ibì kan wà tí wọ́n ti ń ka owó rẹ̀ sí ọ lọ́rùn. Màá dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìtàn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí n sì ti sọ ọ́ síta láti ìbẹ̀rẹ̀: nínú àwọn mẹ́ta tó bá ọ sọ̀rọ̀, pásítọ̀ rẹ ló sún mọ́ òótọ́ jù nípa ìdílé tí yógà ti jáde, olùkọ́ rẹ ló sún mọ́ ọn jù nípa ohun tí ẹ̀ ń ṣe nínú kíláàsì yẹn, ọkọ rẹ ló sì ṣeé ṣe kó sún mọ́ ọn jù nípa ohun tó wà nínú ìwé ara ògiri yẹn. Kò sí ẹni tó parọ́ fún ọ nínú wọn. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni, láti ara "tan", tó túmọ̀ sí kí a na nǹkan gbọọrọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ tó pẹ́ jù, èyí tó wà nínú àwọn orin Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, jẹ mọ́ iṣẹ́ ahunṣọ: òwú tí wọ́n nà gbọọrọ sórí òfì kí wọ́n tó máa fi òwú ìdábùú gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí o bá ti dúró wo àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn rí, o mọ̀ pé òwú tí wọ́n nà sílẹ̀ yẹn kì í ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ibi tí aṣọ yóò dúró lé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìlànà tí nǹkan dúró lé, nígbà tó yá ó di ìwé tó ṣàlàyé irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Pañcatantra, ìwé àlọ́ ẹranko tí àwọn ọmọdé Íńdíà ti ń gbọ́ láti ayébáyé, ìlànà márùn-ún ni orúkọ rẹ̀ ń wí. Apá tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ìṣègùn ńlá tí wọ́n fi orúkọ Sushruta pè, Uttaratantra ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ojú, etí, imú àti àrùn ọmọdé ló sì kún inú rẹ̀. Kò sí ìbálòpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sì sí òkùnkùn níbẹ̀.

Àwọn ìwé ẹ̀sìn tó ń pe ara wọn ní Tantra bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí Jésù, láàárín àwọn olùsìn Śiva, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà ńlá ilẹ̀ Íńdíà, ní àkọ́kọ́. Òkúta kan wà ní Gangdhar ní Rajasthan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí lára ní nǹkan bí ọdún 424. Ó sọ nípa ilé òrìṣà tí ìjòyè ọba kan kọ́ fún àwọn Ìyá, àwọn òrìṣà obìnrin tí ìjì inú tantra wọn ń ru omi òkun sókè. O rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bá agbára àti ìbẹ̀rù rìn láti ìgbà náà. Tantra àwọn olùsìn Śiva tó pẹ́ jù lára àwọn tó ṣì wà lónìí, Niśvāsatattvasaṃhitā, wà lára ewé ọ̀pẹ nílùú Kathmandu ní Nepal, ọwọ́ akọ̀wé ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n sì rí lára rẹ̀.

Ohun tó mú kí wọ́n wá ọ̀nà tuntun kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀sìn Veda tó wà nílẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ìran mẹ́ta òkè ló ni ìrúbọ rẹ̀. Śūdra, ìran àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ kọ́ Veda, obìnrin kò sì lè dá ìrúbọ ṣe láìsí ọkọ. Ẹni tó bá sì ń wá ìtúsílẹ̀ kúrò nínú kí a máa kú kí a tún máa wáyé, ọ̀nà tí wọ́n ń fi hàn án jù ni pé kí ó fi ilé, aya àti iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó gba inú igbó lọ. Tantra ní ọ̀nà mìíràn wà. Bí gúrú, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀mí, bá gbà ọ́, tó mú ọ wọ awo nípa ètùtù tí wọ́n ń pè ní dīkṣā, ìtúsílẹ̀ wà fún ọ, ìgbádùn ayé àti agbára náà sì wà fún ọ, ì báà jẹ́ ọba ni ọ́ tàbí ìyàwó ilé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka wọn ló ṣílẹ̀kùn tán gbayawu, àmọ́ gbogbo wọn ṣí i ju Veda lọ. Àwọn ọba náà rí èrè tiwọn nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ńlá àwọn Gupta fọ́, àwọn ọba kéékèèké tó ń bá ara wọn jagun fẹ́ gúrú tí ẹbọ rẹ̀ yóò dáàbò bo ààfin, wọ́n sì fi ilẹ̀ àti wúrà san án. Alexis Sanderson, ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹtàlá, ẹ̀sìn Śiva tó dúró lórí Tantra ló jọba lórí ẹ̀sìn ní Íńdíà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹgbẹ́ kékeré inú òkùnkùn lónìí, ẹ̀sìn ààfin ni nígbà náà.

(Mo lo ọ̀rọ̀ náà "awo" nítorí pé òun ló bá a mu jù lédè wa: ìmọ̀ tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, tí o kò lè fi ìwé kíkà nìkan gbà. N kò sọ pé Tantra àti Ifá jẹ́ ọ̀kan. Ìdílé wọn kò pàdé níbì kankan.)

Bí o bá ṣí àwọn ìwé Tantra fúnra wọn, ohun tí o máa rí jù lè sú ọ. Bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ tẹ́ńpìlì ni, bí wọ́n ṣe ń ya máńdálà, àwòrán mímọ́, sílẹ̀, irú òdòdó tó yẹ òrìṣà yìí tí kò yẹ tọ̀hún, àti mántrà, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí wọ́n ń pè, lórí mántrà lórí mántrà. Tẹ́ńpìlì ńlá Thanjavur tí ọba Rajaraja kọ́ parí ní 1010, inú irú ìlànà yìí ló ti jáde, ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Śiva ní Tamil Nadu títí dòní sì rèé, àwọn ìwé ẹ̀ka Tantra tí wọ́n ń pè ní Āgama ni àwọn àlùfáà ń tẹ̀ lé láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìdílé máa ń kó ọmọ lẹ́yìn wá síbẹ̀ wá gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé Tantra làwọn ń ṣe, bí ẹnì kan bá sì sọ ọ́ fún wọn, inú lè bí wọn.

Ṣùgbọ́n èrò kan wà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun náà ni yóò sì gbé wa dé ọ̀dọ̀ yógà. Ẹni tó bá fẹ́ bọ òrìṣà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di òrìṣà náà. Olùsìn Tantra a jókòó, a fi ọwọ́ kan orí, ọkàn, èjìká, ìdí, ẹsẹ̀, a sì máa fi mántrà kọ̀ọ̀kan sí ibi kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi di ilé òrìṣà. Ara tí àwọn mìíràn ń pè ní ìdọ̀tí, tí wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù àkísà, òun ni Tantra sọ di pẹpẹ. Abhinavagupta, ọ̀mọ̀wé ńlá tó gbé ní Kashmir ní nǹkan bí ọdún 1000, gbé èrò yìí lọ dé òpin rẹ̀: bí Śiva bá jẹ́ gbogbo nǹkan lóòótọ́, kò sí ibi kan nínú ara tàbí nínú ayé tí ènìyàn lè nawọ́ sí pé Śiva kò sí níbí. Mo lọ sí Kāmākhyā rí, ní Guwahati ní Assam, ọ̀kan lára ibi mímọ́ tí àwọn olùsìn Tantra bọ̀wọ̀ fún jù. Mo tò lórí ìlà fún wákàtí mẹ́rin, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó dúdú. Kò sí ère nísàlẹ̀. Òkúta tó là láàárín ni, tí omi ìsun ń sun látinú rẹ̀. Wọ́n ní ojú ara òrìṣà ìyá ni. Lóṣù Okúdù lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì náà fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé Ìyá ń ṣe nǹkan oṣù, lẹ́yìn náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á tú jáde wá bá a yọ̀. Ìyá àgbà kan tó dúró níwájú mi lórí ìlà ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti ka ìwé púpọ̀ kí n tó débẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé ọ̀wọ̀ fún ara, pàápàá ara obìnrin, ni ọ̀rọ̀ yìí ń wí, nílẹ̀ tó jẹ́ pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ńpìlì púpọ̀.

N kò ní fi apá tó kù pa mọ́ fún ọ. Àwọn ẹ̀ka kan wà nínú Tantra tí wọ́n ń gbé ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, tí wọ́n ń fi agbárí òkú mu nǹkan, tí ìwé wọn sì sọ ọ́ lójú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ọtí, ẹran, ẹja, ọkà yíyan àti ìbálòpọ̀ bọ òrìṣà. Lẹ́tà M ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ máràárùn-ún ní Sanskrit, nítorí náà M márùn-ún ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti lóye rẹ̀, ronú Brahmin, ọmọ ìran àlùfáà, tí wọ́n fi èèwọ̀ tọ́ láti kékeré, tí òjìji ènìyàn ìsàlẹ̀ pàápàá lè sọ di aláìmọ́. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu ọtí, láàárín òru, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: ẹ̀rù àìmọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbà pé agbára wà nínú ohun tí ayé ń sá fún. Àwọn tó ṣe é ní tòótọ́ kò pọ̀ nínú agbo ńlá yẹn, ọ̀pọ̀ ló sì fi omi àgbọn rọ́pò ọtí, tí wọ́n ní inú ọkàn nìkan ni ìyókù ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onísìn Búdà náà gba Tantra, wọ́n sì gbé e jìnnà. Láti ọ̀rúndún kẹjọ ni ó ti wọ Tìbẹ́ẹ̀tì. Ní 806, mọ́ǹkì Kūkai gbé e láti Ṣáínà lọ sí Jàpáánì, níbi tí àwọn àlùfáà Òkè Kōya ṣì ti ń sun igi ẹbọ rẹ̀. Dalai Lama, mọ́ǹkì tí kò mọ obìnrin, ti mú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wọ ìlànà Tantra tí wọ́n ń pè ní Kālacakra, ní gbangba, lábẹ́ ààgọ́. Bí Tantra bá jẹ́ ìbálòpọ̀ lásán, kí ni òun ń wá níbẹ̀?

Wàyí o, yógà. Yógà ju Tantra lọ lọ́jọ́ orí. "Yuj" ni ó ti wá, ìyẹn kí a de nǹkan mọ́ àjàgà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe àjàgà pàápàá, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀kan lára àwọn ìwé Upaniṣad, Kaṭha, tó ti wà ṣáájú ìbí Jésù, fi ara wé kẹ̀kẹ́ ogun, ó fi ojú, etí àti ìyókù wé ẹṣin, ó fi ọkàn wé ìjánu: ẹni tó bá mọ ìjánu í mú ló ń ṣe yógà. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 400, ọ̀mọ̀wé kan, Patañjali, kó ẹ̀kọ́ náà jọ sínú ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí bíi 195. Mẹ́ta péré nínú wọn ló sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé ara sí, ohun tí wọ́n sì wí ni pé kí ìjókòó dúró ṣinṣin kó sì rọrùn. Kò sí orí ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lókè, kò sí ajá tó ń nà. Ìdí ni pé Patañjali kò wá ara. Ó fẹ́ kí ọkàn dákẹ́ kí ẹ̀mí lè yà kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Tantra ló wá gba yógà yìí sílé tó sì yí ojú rẹ̀ padà sínú ara. Yógà inú àwọn Tantra sábà máa ń ní ẹ̀ka mẹ́fà dípò mẹ́jọ ti Patañjali, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí mímí àti mántrà gba inú ara rìn. Inú ilé Tantra ni àwọn ọ̀nà èémí inú ara ti gba ètò tí o ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni cakra, àwọn ojúkò agbára inú ara, ti jáde, ibẹ̀ sì ni Kuṇḍalinī ti jáde, òrìṣà ìyá tó sùn bí ejò ní ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ jí kó lè gòkè lọ bá Śiva ní àtàrí.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí olùkọ́ yógà kan bá dárúkọ cakra, tó ní Tantra kò kan òun, kò mọ ilé tó ti yá aṣọ wọ̀ ni. Kí n fi kún un pé cakra méje tó ní àwọ̀ òṣùmàrè, tó wà lára pátákó ní gbogbo ilé yógà, kì í ṣe ìmọ̀ ayébáyé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Iye tí àwọn Tantra kà kò dọ́gba: Hevajra ti àwọn onísìn Búdà ní mẹ́rin, ilé mìíràn ní mẹ́fà, òmíràn kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́fà pẹ̀lú òdòdó orí tí wọ́n ń kà sí méje lónìí wá láti ìlà àwọn olùsìn òrìṣà Kubjikā. Ọ̀mọ̀wé kan ní Bengal, Pūrṇānanda, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1577, adájọ́ òyìnbó kan nílé ẹjọ́ gíga Calcutta, John Woodroffe, sì tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní 1919. Àwọ̀ òṣùmàrè yẹn, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ló kùn ún sí i nínú ọ̀rúndún ogún. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó ń san owó gọbọi láti "ṣí" àwọ̀ tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀nà tó wá gba ọ̀dọ̀ Tantra dé gbọ̀ngàn yín ni haṭha, yógà tó gbé ara àti mímí síwájú. James Mallinson, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní SOAS ní London, fi hàn pé ìwé tó kọ́kọ́ kọ́ni ní ìlànà yẹn, Amṛtasiddhi ti ọ̀rúndún kọkànlá, àárín àwọn onísìn Búdà tó ń ṣe Tantra ló ti wá. Àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹrù sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ mántrà sílẹ̀, wọ́n fi máńdálà sílẹ̀, wọ́n fi ètùtù ìwọlé tó díjú sílẹ̀, wọ́n mú ara àti mímí dání. Ìwé Dattātreyayogaśāstra ti ọ̀rúndún kẹtàlá sọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: Brahmin ni ọ́ o, onísìn Búdà ni ọ́ o, tàbí Jain, tàbí ẹni tó ń gbé agbárí òkú káàkiri, tàbí ẹni tí kò gbà pé ohun kan wà lẹ́yìn ayé yìí rárá, bí o bá ti gbà á gbọ́ tí o sì ń ṣe é déédéé, ọwọ́ rẹ yóò tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún méje lọ sẹ́yìn ni wọ́n ti ń jiyàn ohun tí ò ń bi mí yìí, ìdáhùn tí ọ̀gá àwọn oníhaṭha fún wọn sì nìyẹn. Ní nǹkan bí 1450, Svātmārāma kó wọn jọ sínú Haṭhapradīpikā. Ìdúró àti ìjókòó 15 ló ṣàlàyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìjókòó.

Ibi tí gbogbo ìnà àti ìdúró yín ti wá ò jìnnà sí àkókò wa. Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ yógà kan, Krishnamacharya, ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ààfin ọba Mysore. Ó mú haṭha, ó fi eré ìdárayá àti ìlànà àwọn oníjàkadì Íńdíà lú u. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni B.K.S. Iyengar, òun ló sì fìdí yógà múlẹ̀ ní Ìlú Ọba ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní London fẹ́ gba yógà rẹ̀ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n fi dandan lé e pé ti ara ni kí wọ́n kọ́, kí wọ́n má fi ti ẹ̀mí kún un. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ rẹ ní eré ìdárayá ni, kò dá a sọ. Bí wọ́n ṣe gbà á wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ṣe gbà á kọ́.

Ti ọkọ rẹ ló kù. Àwọn míṣọ́nnárì àti òǹkọ̀wé òyìnbó ọ̀rúndún kọkàndínlógún ka ìwé díẹ̀ nínú Tantra, M márùn-ún nìkan ni wọ́n sì rí, wọ́n fi pe gbogbo rẹ̀ ní ìríra. Àwọn alátùn-únṣe ẹ̀sìn Híńdù, Vivekananda wà lára wọn, kò fẹ́ kí ojú ti wọn lójú ayé, wọ́n gbé Patañjali síwájú, wọ́n ti Tantra sẹ́yìn ilé. Àwọn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn wá yí èébú náà padà di ọjà. Ní Amẹ́ríkà, Pierre Bernard ti ń ta á fún àwọn olówó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Láti 1974, gúrú kan, Rajneesh, kó àwọn òyìnbó jọ sí Pune ní Íńdíà, ó fi Tantra, ìbálòpọ̀ àti ìtọ́jú ọkàn òde òní lú ara wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ sára ògiri lónìí pé Tantra ọlọ́jọ́ méjì, ọmọ ọmọ ìyẹn ló sábà máa ń jẹ́. Bí tọkọtaya bá fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ wo ojú ara wọn, n kò rí ẹ̀bi níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má sọ pé ìmọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni. Mo ti jókòó nínú irú rẹ̀ rí, nílùú kan tí n kò ní dárúkọ, torí pé mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹni tó ń darí wa ní kí obìnrin tó bá "ṣì ń bẹ̀rù" bọ́ síta kó lọ ronú. Mo bọ́ síta, mo sì gba ilé mi lọ. Gúrú tó bá sọ pé bí o ṣe kọ̀ fún un ni àìsàn rẹ, ewu ni, yálà ní Assam tàbí ní Leeds, wọ́n sì ti fi Tantra bo ìwà ìfipábánilòpọ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, nípa ètò yẹn, bí o bá ní kí n sọ tinú mi, má lọ. Kò wúlò fún ẹ̀yìn rẹ, kò sì ní kọ́ ọ ní Tantra. Bí ó bá ṣì wù ọ́, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ni olùdarí, ta ló kọ́ ọ, ṣé ẹnikẹ́ni máa bọ́ aṣọ, ṣé ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan ẹlòmíràn, ṣé mo lè gba ilé lọ nígbà tó bá wù mí kí ẹ sì dá owó mi padà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ láti dáhùn, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Nípa kíláàsì náà, kì í ṣe ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú. Ní 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà orílẹ̀-èdè Malaysia ka yógà léèwọ̀ fún Mùsùlùmí bí ó bá ní orin mántrà àti ìjọsìn nínú. Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní 1993, wọ́n sì yí i padà ní 2021: kí wọ́n máa na ara, kí wọ́n máa mí, kí mántrà má sí níbẹ̀, kí wọ́n má sì sọ "namaste". Mo rò pé ibi tí àwọn méjèèjì fa ìlà sí yẹn, ó bá bí Tantra ṣe rí mu ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Nínú Tantra, kò sí ẹni tó ń ṣèèṣì wọlé. Gúrú gbọ́dọ̀ gbà ọ́, mántrà gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ wọ etí rẹ, kí ìwọ náà sì fẹ́ ẹ. Ìwé wọn fúnra wọn sọ pé mántrà tí a kàn rí nínú ìwé, tí kò ti ẹnu gúrú jáde, kò ní agbára. Ẹni tó tẹ̀ síwájú láti na ọ̀pá ẹ̀yìn lórí rọ́bà pẹlẹbẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday, lójú olùsìn Tantra gidi, ọ̀gbẹ̀rì ni.

Ohun tí n kò lè ṣe fún ọ ni pé kí n dá ẹjọ́ láàárín ìwọ àti Ọlọ́run rẹ. Pásítọ̀ rẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ohun tó ti ilé òrìṣà wá, òun kò fẹ́ ẹ nínú agbo òun, bí kò tilẹ̀ ní òórùn òrìṣà lára mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kò lè sọ pé kò tọ̀nà. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, tí o ń gbàdúrà ìtúsílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ti kíláàsì dé, ẹ̀yìn yẹn kò ní rí ìsinmi. Padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìdárayá ẹ̀yìn tiwọn, tàbí kí o wo Pilates, tí ọmọ Jámánì kan dá sílẹ̀, tí kò ní ìtàn òrìṣà nínú. Kí o má kàn jókòó lásán, torí o ti mọ̀ jù mí lọ pé ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ọkàn rẹ bá sì balẹ̀, máa lọ. Bá olùkọ́ rẹ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, sọ fún un pé bí ẹ bá parí tí wọ́n ń kọ "Om", ìwọ yóò dákẹ́. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Kí o sì fi lẹ́tà yìí han ọkọ rẹ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ náà, kí ó lè rí i pé ìwé ara ògiri yẹn ló bí i nínú, kì í ṣe kíláàsì tó jẹ́ kí o tún lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ rẹ.